Alárinà Tó Bá Wa Ta Ilé Festac

"Ẹ má ṣe sọ ohun tó ń lé yín jáde nínú ilé fún éjẹ́ǹtì, àfi tó bá ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin nìkan lòun ń ṣiṣẹ́ fún."

Lọ́yà ọmọ mi obìnrin ló kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó gbọ́ pé ó fẹ́ ta ilé rẹ̀. Ó kà á sí mi létí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ nǹkan tí lọ́yà yìí sọ. Bí ẹni pé mò ń sá fún ọlọ́pàá!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Nígbà tí mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó ń wo ojú mi.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

Ohun tó dé ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ohun tó lé wa jáde nínú ilé wa ní Festac nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kò sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ àti èmi ò sọ ọ́ létí rẹ̀ rí, kó má baà rò pé ẹ̀bi òun ni. Ní báyìí tí bàbá rẹ̀ ti dolóògbé, èmi nìkan ló kù tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ níbẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé àjọ̀dún àṣà ńlá tí ìjọba torí rẹ̀ kọ́ Festac la kó débẹ̀. Àwọn àlejò àjọ̀dún ló kọ́kọ́ sùn nínú àwọn ilé náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìjọba ní kí àwọn ará ìlú wá ṣẹ́ kèké mú ilé. Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Ìkòyí, mú tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú lẹ́tà tí wọ́n fi fún un nílé náà wá sí yàrá kan ṣoṣo tá a ń gbé ní Mushin, ó tẹ́ lẹ́tà náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n kà á fún òun, bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ iléèwé rí. Mo kà á. Ó ní kí n tún orúkọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ pè.

Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́ta, ní ìparí òpópónà kékeré kan tí kò já síbì kankan. Mo fẹ́ràn pé kò já síbì kankan, nítorí mọ́tò ò ní máa sáré kọjá níwájú ọmọ mi. Mo ka ilẹ̀kùn: mẹ́jọ. Mo ka fèrèsé: mẹ́sàn-án. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ló ṣiṣẹ́, àfi ti ilé ìdáná. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yàrá kejì, ẹnì kan nínú àwọn àlejò àjọ̀dún ti fi pẹ́ńsù kọ ìlà mẹ́ta sílẹ̀ ní èdè tí a ò lè kà. Ọkọ mi ní kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Mo kọ̀. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ lè padà wá wò ó.

"Ta ló fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù?" ó bi mí.

"Ẹ ò mọ̀ bóyá ọmọ ẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìkọ̀wé náà sílẹ̀. Ọmọ wa sọ ibẹ̀ di iléèwé tirẹ̀. Á ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, á fi ìka tọ àwọn ìlà náà, á máa ka ohun tó bá wù ú jáde níbẹ̀: orúkọ ewúrẹ́ aládùúgbò, ohun tá a jẹ lánàá, ẹ̀sẹ Bíbélì tó gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ronú ilé náà báyìí, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ̀ ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní títì Badagry, táá fẹsẹ̀ rìn wọlé, ìwé ìròyìn lábẹ́ apá. Ọmọ náà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò jẹ́ kó kọjá òkúta kan tí mo fi ṣààmì. Àá máa gbọ́ bàtà bàbá rẹ̀ ká tó rí i. Lójoojúmọ́ ni o, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé nǹkan tí èèyàn lè pàdánù ni.

Òjò ló sọ irú ilẹ̀ tá a wà fún wa. Irà ni wọ́n ti da yanrìn lé lórí kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Omi ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, abẹ́ ilé ló gbà. Ògiri yàrá méjì tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Mo fi téèpù ìránṣọ mi wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ sókè: ínǹṣì mẹ́rìndínlógún ní oṣù Kẹfà, ínǹṣì mẹ́tàlélógún ní oṣù Keje. Mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, mo kùn ún, ó tún yọ. Ìgbà yẹn ni ikọ́ fée mú ọmọ wa. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ikọ́ náà bá dé, iye ìṣẹ́jú tó lò, àti ohun tó jẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ sílẹ̀. Dókítà wo ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ó sì dá a padà fún mi.

"Ìyá, ẹ̀yin gan-an ti rí i nínú ìwé yín. Ọ̀rinrin ilé yẹn ni. Ẹ wá ibi gbígbẹ fún un. Ẹ má jẹ́ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá a níbẹ̀."

A rí ibi gbígbẹ kan. Ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni, ilé alájà kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, tí oòrùn sì ń wọ yàrá rẹ̀ láàárọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn ín láti ilé wa: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọmọ wa á máa lọ síléèwé tó ti mọ̀, bàbá rẹ̀ á máa wọ bọ́ọ̀sì tó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ á di aago mẹ́fà, ìyẹn náà ni. Bàbá àgbàlagbà tó ni ín fẹ́ràn ọkọ mi. Ó ní òun á dúró dè wá di ìparí oṣù Kẹta, òun ò ní fi ọjọ́ kan kún un, nítorí òun náà ní ibi tóun ń lọ. Ọ́fíìsì tó pín ilé Festac ti fún ọkọ mi níwèé pé ó lè gbé tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ku ká rí ẹni tó máa rà á ní iye tó ká ti Amúwo. Bí a bá rí i, a ó jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí a ò bá rí i, ó di kí n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Abẹ́òkúta, kí bàbá rẹ̀ wá yàrá kan sí Èkó.

Ibí ni Bọ̀dá ti wọ ọ̀rọ̀ wa.

Gbogbo ìjọ wa ló ń pè é ní Bọ̀dá. Ọmọ ìlú ọkọ mi ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, ó sì ń bá àwọn èèyàn wá yàrá àti ilé. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Tọkọtaya méje ló wà nínú ìjọ wa tó jẹ́ pé òun ló ṣe alárinà wọn, ó sì mọ ọjọ́ ìbí ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan lórí. Nígbà tá a sọ fún un pé a fẹ́ kó bá wa ta ilé, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó wa, mo ti so ọkọ mọ́ ìyàwó, ilé ló máa wá le fún mi? Ilé ò lè sọ pé òun ò fẹ́ onírùngbọ̀n!"

Mo ti kọ ìwé àdéhùn kan sílẹ̀. Kò ju ojú ewé kan lọ: iṣẹ́ tá a gbé fún un, owó iṣẹ́ rẹ̀, àti pé tiwa lòun ń ṣe. Mo fi han ọkọ mi nínú yàrá kí Bọ̀dá tó dé.

"Kí n gbé èyí síwájú Bọ̀dá?" ó ní. "Ẹni tó bá bàbá mi rìn? Wọ́n á ní ìyàwó mi ló ń rán mi níṣẹ́."

Mo ká ìwé náà, mo fi sábẹ́ aṣọ orí tábìlì. Ìgbà tí Bọ̀dá wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé omi fún un, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe ọkọ mi. Mo mú ìwé kékeré mi jáde, mo ṣí i sí oṣù Keje, mo fi hàn án. Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́. Mo sọ ti Amúwo, mo sọ ìparí oṣù Kẹta. Mo máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé. Omi bọ́ lójú Bọ̀dá.

"Ìyàwó wa, òjò ò ní bá a níbẹ̀."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó mú oníṣòwò kan àti ìyàwó rẹ̀ wá. Mo fi gbogbo ilé hàn wọ́n. Mo fi ògiri tó hu náà hàn wọ́n, mo tiẹ̀ sọ ínǹṣì rẹ̀, nítorí àléébù ilé kò ṣe é fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ọkùnrin náà fi èékánná ha ògiri.

"Èyí ò já mọ́ nǹkan kan. Màá hú u, màá tún un rẹ́, màá gbé àjà lé e."

Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tá a ní lọ́kàn. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wá, pẹ̀lú agolo mílíìkì méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ wa, ó fọwọ́ pa á lórí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ kú ìtọ́jú. Bọ̀dá ti sọ fún wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òjò bá a níbí."

Àánú ṣe obìnrin yẹn lóòótọ́, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Mo dúpẹ́, mo gba mílíìkì. Ẹni tó mọ ọjọ́ tí òjò máa lé ọ jáde ti mọ ọjọ́ tó yẹ kóun padà wá.

Ọkọ rẹ̀ ò sì padà wá. Oṣù Kejì parí. Ọkọ mi ń lọ bá Bọ̀dá lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, Bọ̀dá á sì máa fọwọ́ gbá a léjìká.

"Wọ́n ń ronú. Ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó kì í sáré. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹ bá wa wá ẹlòmíràn kún un."

"Ẹlòmíràn bíi ti báwo? Àwọn wọ̀nyí ti mọ ilé yín!"

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, ọkọ mi gba ààyè níbi iṣẹ́, ó lọ bẹ bàbá àgbàlagbà Amúwo. Bàbá náà fún un lóbì, ó sì sọ fún un pé ẹlòmíràn ti san owó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sí ohun tó burú nínú ohun tó ṣe. Ó ti sọ ọjọ́ fún wa.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ wa wú ikọ́ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó wà nínú ìwé. Ní ọjọ́ kejì òjò náà ni oníṣòwò wa dé. Ó ní ọjà ò dára, ó sì gé iye tó pè tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Ọkọ mi wò mí. Mo wo ọmọ. A gbà.

Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti gbọ́ ìyókù. Bàbá kan tó fara balẹ̀ ni lọ́yà náà, òun ló bá wa ṣe ìwé. Oníṣòwò ò tíì dé, àwa àti Bọ̀dá la wà níbẹ̀. Lọ́yà kàn bi Bọ̀dá léèrè, bí ẹni ń béèrè ojú ọjọ́:

"Ṣé ẹlòmíràn kankan béèrè ilé yìí?"

"Ọ̀gá iléèwé kan béèrè," ni Bọ̀dá wí, tayọ̀tayọ̀. "Nínú oṣù Kejì. Ó tiẹ̀ ní òun á san gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dá a padà. Àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ṣé a máa ń gbé ọmọ fún àfẹ́sọ́nà méjì ni?"

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá náà dà?" lọ́yà bi í.

"Á, ó ti rí tiẹ̀ rà. Ó pẹ́ díẹ̀."

Èmi ni mo wá la ẹnu. "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, ẹ sọ ọ́ fún oníṣòwò?"

"Mo sọ fún un, ìyàwó wa! Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ṣàánú, kó tètè san án, kó fi nǹkan lé e pàápàá. Mo sọ ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Ṣé kí n má bá yín bẹ̀bẹ̀ ni?"

Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Bàbá, alárinà ìgbéyàwó, ti ìyá ìyàwó ni, ti ìyá ọkọ náà ni. Á sọ ti ibí fún tọ̀hún kí wọ́n lè mọwọ́ ara wọn, nítorí ilé kan ni wọ́n fẹ́ dì. Bí wọ́n bá sì mọ ojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ta ilé ló gbé iṣẹ́ fún yín. Òfin ní tirẹ̀ nìkan lẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ilé, ẹ máa sọ ọ́ fún onílé, kó fúnra rẹ̀ yàn. Bó bá sọ àṣírí fún yín, ọ̀dọ̀ yín ló gbọ́dọ̀ kú sí. Ẹ lè sọ pé ògiri hu, òótọ́ ilé nìyẹn, òfin ò sì ní kẹ́ ẹ parọ́ fún olùrà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé onílé, ti onílé ni. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹni tó ń bá a dúnàádúrà."

Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní bí a bá fẹ́, a lè pe Bọ̀dá lẹ́jọ́. Bọ̀dá ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ oníṣòwò. Kò jí wa ní nǹkan kan. Ó fẹ́ràn wa, ó sì ṣe é fún wa bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

"Rárá," ọkọ mi ní. Ó dìde, ó bá Bọ̀dá mú fìlà rẹ̀ tó jábọ́, ó sì sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo jókòó ti lọ́yà. Mo ronú ojú ewé kan tó wà lábẹ́ aṣọ orí tábìlì. Gbogbo ohun tí lọ́yà sọ, mo ti kọ ìdajì rẹ̀ síbẹ̀.

Owó tá a gbà ò ká ilé gbígbẹ mìíràn, mo bá gbé ọmọ lọ sí Abẹ́òkúta. Àyà rẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Oṣù Kẹfà kọjá, oṣù Keje kọjá, mi ò rí nǹkan kan kọ sínú ìwé. Mo dúpẹ́, mo ṣì ń dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ ń gbé yàrá kan ní Mushin, kò jìnnà sí èyí tá a ti kúrò. Ó ń dé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ń lọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ọdún mẹ́fà la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín wọn, ọmọ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò lọ́dọ̀ ìyá mi. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, bàbá rẹ̀ wọlé, ó jókòó, ọmọ náà sì gbé omi wá lórí àwo pẹlẹbẹ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?"

Ìyá mi yìn ín pé ó gbọ́n. Bàbá rẹ̀ gba omi náà, ó mu ún tán, ó ní ó ṣeun. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Mo ti gba iwájú ilé Festac náà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà náà. Wọ́n ti gbé àjà lé e. Mi ò lè kan ilẹ̀kùn àjèjì kí n ní kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mi. Mo dúró níbi tí òkúta tí mo fi ṣààmì wà nígbà kan, mo wo aago. Márùn-ún kọjá díẹ̀ ni. Mo dúró títí ó fi di ààbọ̀, mo sì lọ wọ ọkọ̀.

Ọmọ mi, bí o bá ń ka èyí: kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ikọ́ rẹ kọ́ ló gba bàbá rẹ lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹni tí mi ò kọ́kọ́ bi léèrè ni.

Ẹ̀yin yòókù tó ń kà á, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí ẹ tó sọ ìdí tí ẹ fi ń ta ilé yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé, "Ta lẹ ń ṣiṣẹ́ fún?" Ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ àgbà ni, ẹ kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ẹ gbé omi fún un, kí ẹ sì gbé bírò náà fún un.